Oúnjẹ Tí Ó Pé fún Màálù Tí Ó Ń Fún Wa ní Wàrà



Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú fọwọ́ sí òfin Ìpínlẹ̀ Èkó tí ó ka dída màálù kiri ní gbangba léèwọ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá ń sin màálù ní Èkó gbọ́dọ̀ ṣe ọgbà fún un, kí ó sì gbé oúnjẹ lọ bá a níbẹ̀. Tẹ́lẹ̀ rí, màálù ni ó ń wá oúnjẹ kiri. Nísinsìnyí, oúnjẹ ni ó gbọ́dọ̀ wá màálù wá. Ní Alímòṣọ́ tiwa, bí kò tilẹ̀ sí òfin, ilẹ̀ kò sí mọ́. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 ní ìjọba ìbílẹ̀ yìí nìkan. Láti Ìkòtún dé Ẹgbẹ́dá, láti Ẹgbẹ́dá dé Ìgàndo, ilé ni ó ti gba ibi tí koríko wà.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ẹran kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Màálù tí kò bá jẹun tó yóò kọ́kọ́ dín wàrà kù, lẹ́yìn náà yóò rù, lẹ́yìn náà kò ní lóyún mọ́. Ẹni tí ó yá owó ẹgbẹ́ ra irú ẹran bẹ́ẹ̀ yóò máa san gbèsè lórí ohun tí kò mú kọ́bọ̀ wọlé. Ní ọ̀nà kejì, ẹni tí ó bá ń da oúnjẹ olówó gọbọi sílẹ̀ láìṣírò yóò ta wàrà tán, yóò sì rí i pé owó oúnjẹ ti gbé èrè lọ. Àárín méjèèjì ni a ń wá, ìṣirò ni a sì fi ń rí i.

Irú màálù tí a ní

Màálù funfun oníwo gígùn tí àwọn Fúlàní ń pè ní Bunaji ni ó pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí ó bá ń rìn kiri, tí ọmọ rẹ̀ sì ń mu nínú wàrà náà, lítà 1 sí 2 lóòjọ́ ni ẹni tí ń fún un sábà ń rí. Ṣùgbọ́n bí a bá bọ́ ọ dáadáa, òmíràn lè fún ni ní lítà 4 sí 6. Èyí tí wọ́n bá fi akọ Friesian ti ilẹ̀ Yúróòpù gùn tún lè ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ebi àti ooru tètè ń mú un ju ti ilé lọ. Ẹ má ṣe ra èyí tí ó ń fún ni ní wàrà púpọ̀ kí ẹ tó mọ ibi tí oúnjẹ rẹ̀ yóò ti máa wá.

Ọjà wàrà kò jìnnà sí wa. Àwọn obìnrin Fúlàní ti ń ta wàrà tí a fi ewé bọmubọ́mù mú dì láti ìgbà pípẹ́. Ilé-iṣẹ́ WAMCO, tí a dá sílẹ̀ ní 1973, tí ó sì wà ní Ògbà, Ìkẹjà, bẹ̀rẹ̀ ètò rírà wàrà tútù lọ́wọ́ àwọn olùsìn màálù ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní nǹkan bí ọdún 2010. Ọjà wà, màálù tí yóò kún un ni kò tó.

Bí ikùn màálù ti ń ṣiṣẹ́

Ikùn màálù kò dà bí ti ènìyàn tàbí ti adìẹ. Ó ní yàrá mẹ́rin. Èyí tí ó tóbi jù dà bí ìkòkò ńlá tí a fi ń rẹ nǹkan. Inú rẹ̀ ni àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tí ojú kò lè rí ń gbé, àwọn ni wọ́n sì ń bá màálù fọ́ koríko sí wẹ́wẹ́. Màálù a tún máa pọ oúnjẹ náà padà sẹ́nu láti jẹ àpọ̀jẹ. Nígbà tí ẹ bá ń bọ́ màálù, àwọn kòkòrò wọ̀nyí ni ẹ kọ́kọ́ ń bọ́. Koríko tí ó ní okùn nínú ni ó ń jẹ́ kí màálù jẹ àpọ̀jẹ. Bí ẹ bá dá koríko dúró, tí ẹ wá ń kó àgbàdo lílọ̀ tàbí gàrí tí ó ti bàjẹ́ fún un, inú rẹ̀ yóò kan, kò ní jẹun mọ́, ó sì lè kú. Ó kéré tán, ìdajì ohun tí màálù bá jẹ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ koríko.

Ohun márùn-ún tí oúnjẹ gbọ́dọ̀ ní

1. Omi. Nínú lítà wàrà 100, nǹkan bí 87 jẹ́ omi. Màálù tí ó wọn kílò 300, tí ó ń fún wa ní lítà 6, lè mu lítà 50 lóòjọ́, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ nígbà ooru. Ẹni tí ó bá ń fi omi du màálù, wàrà ni ó ń fi du ara rẹ̀.

2. Èròjà afáralókun. Inú koríko tútù, àgbàdo àti èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ ni a ti ń rí i. Èyí ni màálù fi ń rìn, tí ó fi ń mí, tí ó sì fi ń ṣe wàrà.

3. Èròjà amúaradàgbà. Kúlíkúlí, sóyà, ewé àgùnmáníyè àti ọkà tí ilé-iṣẹ́ bíà ti fún oje rẹ̀ tán ni ó ní i jù. Bí èyí kò bá tó, koríko yòówù kí ẹ kó sílẹ̀, wàrà kò ní jáde.

4. Èròjà ilẹ̀ bíi kálísíọ́mù, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti iyọ̀. Lítà wàrà kan ń gbé nǹkan bí gíráàmù 1.2 kálísíọ́mù jáde lára màálù. Bí oúnjẹ kò bá dá a padà, inú egungun rẹ̀ ni yóò ti máa yá a.

5. Fítámì. Koríko tútù ní èyí tí ó pọ̀ tó. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko bá gbẹ, ni kí ẹ bá dókítà ẹran sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìwọ̀n màálù yín

Kò sí ẹni tí ó lè ṣírò oúnjẹ màálù tí kò mọ ìwọ̀n rẹ̀. Bí kò bá sí òṣùwọ̀n ńlá, ẹ lo okùn ìwọ̀n télọ̀. Ẹ wọn àyíká àyà rẹ̀, lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú gan-an. Ẹ tún wọn gígùn ara rẹ̀, láti orí egungun èjìká dé egungun ìdí. Ẹ fi àyíká àyà lu ara rẹ̀, ẹ fi gígùn lu èsì, kí ẹ sì fi 10,840 pín in. Ohun tí ó bá jáde ni kílò rẹ̀.

Àpẹẹrẹ: àyíká àyà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 155, gígùn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 135. 155 lọ́nà 155 jẹ́ 24,025. 24,025 lọ́nà 135 jẹ́ 3,243,375. Bí a bá fi 10,840 pín in, a ó rí 299. Màálù yìí wọn nǹkan bí kílò 300.

Ìṣirò oúnjẹ fún màálù kílò 300 tí ó ń fún wa ní lítà 6

Nígbà tí a bá ń ṣírò, a kì í ka omi inú oúnjẹ mọ́ oúnjẹ. Koríko tútù kílò 5 sábà ń di kílò 1 bí ó bá gbẹ tán. Màálù tí ń fún ni ní wàrà lè jẹ oúnjẹ gbígbẹ tí ó tó ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀. Fún kílò 300, èyí jẹ́ kílò 9.

Ní ti èròjà amúaradàgbà, màálù yìí nílò nǹkan bí gíráàmù 300 lóòjọ́ kí ó lè dúró láìfún wàrà kankan. Ó tún nílò nǹkan bí gíráàmù 90 fún lítà wàrà kọ̀ọ̀kan. Lítà 6 jẹ́ gíráàmù 540. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 840.

Ẹ wo ibi tí a ó ti rí i. Koríko Gíní tàbí èèsún tí a gé ní ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 lẹ́yìn tí ó rú, kílò 35 ní tútù, jẹ́ kílò 7 ní gbígbẹ. Ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni amúaradàgbà, èyí jẹ́ gíráàmù 560. Ó ku gíráàmù 280. Bí a bá fi kílò 2 àpòpọ̀ oúnjẹ tí ó ní ìdá 16 kún un, a ó rí gíráàmù 320. Àpapọ̀ jẹ́ 880. Ó ti tó, ó sì lé díẹ̀. Ní ti ìwọ̀n, kílò 7 koríko gbígbẹ àti kílò 2 àpòpọ̀ kò ju kílò 9 tí ó lè jẹ lọ.

Nínú èyí ni a ti rí òfin kékeré tí ẹ lè há sórí: koríko tútù tí ó dára, tí ó sì pọ̀ tó, lè gbé ara màálù ró kí ó sì mú lítà wàrà 2 jáde. Fún lítà 2 kọ̀ọ̀kan tí ó bá lé lórí èyí, ẹ fi kílò 1 àpòpọ̀ kún un. Lítà 4, kílò 1. Lítà 6, kílò 2. Lítà 8, kílò 3. Ẹ pín in sí méjì, kí ẹ fún un ní ìdajì láàárọ̀ àti ìdajì nírọ̀lẹ́, nígbà tí ẹ bá ń fún wàrà.

Àpòpọ̀ kílò 100

Àwọn nǹkan wọ̀nyí ni a lè rí lọ́dọ̀ àwọn olùtajà oúnjẹ adìẹ, lọ́dọ̀ àwọn agàrí àti lọ́dọ̀ àwọn tí ń fún àdín:

Èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ: kílò 30
Èérí àlìkámà: kílò 25
Èérí èkùrọ́ tí wọ́n ń pè ní PKC: kílò 25
Kúlíkúlí tí a kò fi iyọ̀ tàbí ata sí: kílò 16
Egungun jíjó tí a lọ̀ kúná: kílò 3
Iyọ̀: kílò 1

Ẹ jẹ́ kí a yẹ amúaradàgbà rẹ̀ wò. Èèpo ẹ̀gẹ́ ní nǹkan bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún: kílò 1.5. Èérí àlìkámà ní 16: kílò 4. PKC ní 18: kílò 4.5. Kúlíkúlí ní 42: nǹkan bí kílò 6.7. Àpapọ̀ jẹ́ kílò 16.7 nínú 100. Ohun tí a ń wá nìyẹn.

A kò fi àgbàdo sí i, nítorí pé ènìyàn àti adìẹ ń bá màálù du àgbàdo, owó rẹ̀ sì ń gòkè. Ikùn màálù lè sọ èèpo ẹ̀gẹ́ di wàrà. Adìẹ kò lè ṣe é bẹ́ẹ̀.

Àpótí onígun mẹ́rin fún ìpòpọ̀

Bí nǹkan kan bá wọ́n tàbí tí kò sí lọ́jà, ẹ óò fẹ́ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹ ya àpótí onígun mẹ́rin sórí ìwé. Ní àárín, ẹ kọ iye tí ẹ ń wá, ká sọ pé 16. Ní igun òkè lápá òsì, ẹ kọ iye tí ó wà nínú èèpo ẹ̀gẹ́, 5. Ní igun ìsàlẹ̀ lápá òsì, ẹ kọ ti kúlíkúlí, 42. Ẹ wá yọ iye kékeré kúrò nínú ńlá ní ìdábùú. 42 yọ 16 jẹ́ 26. Ìdá èèpo ẹ̀gẹ́ nìyẹn. 16 yọ 5 jẹ́ 11. Ìdá kúlíkúlí nìyẹn. Àpapọ̀ méjèèjì jẹ́ 37. Nínú kílò 100, èèpo ẹ̀gẹ́ yóò jẹ́ nǹkan bí kílò 70, kúlíkúlí yóò sì jẹ́ 30.

Àpótí yìí ń sọ òótọ́ nípa amúaradàgbà nìkan. Kò sọ bóyá oúnjẹ náà dùn lẹ́nu màálù, bóyá ó ní èròjà ilẹ̀, tàbí bóyá kúlíkúlí kílò 30 kò ti pọ̀ jù fún àpò yín. Ìdí nìyẹn tí a fi pín in sí oríṣi mẹ́rin nínú àpòpọ̀ wa.

Ẹ má ṣe wo iye àpò nìkan

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo owó ńlá ni ó jẹ́ ọ̀wọ́n. Àpẹẹrẹ lásán ni èyí, kì í ṣe iye ọjà: bí àpò PKC kílò 50 bá jẹ́ ₦10,000, tí ti kúlíkúlí sì jẹ́ ₦20,000, ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ra PKC. Àmọ́ kílò 9 péré ni amúaradàgbà inú àpò PKC náà. Kílò kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bí ₦1,111. Kílò 21 ni ó wà nínú ti kúlíkúlí. Kílò kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bí ₦952. Àpò tí owó rẹ̀ ga ni ó rọ̀jù. Ẹ máa ṣe ìṣirò yìí ní gbogbo ìgbà tí iye ọjà bá yí padà.

Ìkìlọ̀

Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù ní májèlé nínú. Ẹ sá a títí yóò fi gbẹ pátápátá. Ní Ìbàdàn, àwọn onímọ̀ ILRI àti IITA ti ń kọ́ àwọn ènìyàn bí a ti ń rin èèpo ẹ̀gẹ́, tí a ń fún omi rẹ̀ dànù bí ìgbà tí a ń ṣe gàrí, kí ó lè tètè gbẹ. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ gàrí ti ní ẹ̀rọ oúnjẹ màálù.

Kúlíkúlí tàbí ọkà tí ó bu kò dára. Májèlé inú èébu náà a máa kọjá lára màálù bọ́ sínú wàrà, láti ibẹ̀ sẹ́nu ọmọ wa. Ẹ gbé àpò sórí pákó, kí ó má kan ilẹ̀.

Egungun pọ̀ ní ilé ìpẹran Oko-Ọba ní Agége, kò sì wọ́n. Àmọ́ ẹ jó o di funfun kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Ẹ má ṣe fi ẹran gbígbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ màálù bọ́ màálù láéláé. Irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ni ó tan àrùn wèrè màálù ká ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti rí i ní 1986, tí wọ́n sì fi òfin de oúnjẹ náà ní 1988.

Ẹ má ṣe gé koríko létí gọ́tà, tàbí ní àyíká ilẹ̀ àkìtàn bíi ti Solous ní Ìgàndo, yálà wọ́n ń da ìdọ̀tí síbẹ̀ tàbí wọn kò dà á mọ́. Ọ̀rá tí màálù bá gbé mì kì í jáde. Inú rẹ̀ ni yóò máa dì sí, ebi yóò sì pa á nígbà tí ikùn rẹ̀ kún.

Ẹ má ṣe pààrọ̀ oúnjẹ lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ fi ọjọ́ 10 sí 14 dá tuntun pọ̀ mọ́ ti àtijọ́.

Láti ìbímọ dé ìsinmi

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ, wàrà máa ń gòkè kíákíá, ṣùgbọ́n ẹnu màálù kì í tètè bá a. Ara tirẹ̀ ni ó ń yọ́ sínú wàrà. Ní àkókò yìí, ẹ máa fi ìdajì kílò àpòpọ̀ kún un ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, títí wàrà kò fi ní pọ̀ sí i mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ padà sí òfin kílò 1 fún lítà 2. Nígbà tí ó bá ku nǹkan bí ọjọ́ 60 kí ó tún bímọ, ẹ dáwọ́ fífún dúró kí ọmú lè sinmi. Ní ọ̀sẹ̀ méjì tí ó kẹ́yìn, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí fún un ní kílò 1 àpòpọ̀ lóòjọ́ kí ikùn rẹ̀ lè múra sílẹ̀.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn

Láti oṣù Kọkànlá dé oṣù Kẹta ni wàhálà wà. Koríko tí ó gbó lè má ní ju ìdá 4 amúaradàgbà lọ, màálù kò sì ní lè jẹ ju nǹkan bí kílò 5 rẹ̀ lọ ní gbígbẹ. Gíráàmù 560 tí a rí lẹ́ẹ̀kan wá di 200. Ewé àgùnmáníyè ni ó lè gbà wá. Kílò 5 rẹ̀ ní tútù lè mú nǹkan bí gíráàmù 270 wá. Ẹ gbìn ín yí ọgbà ká bí igi odi. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta koríko lọ, kí ẹ sì jẹ́ kí ó rọ díẹ̀ kí ẹ tó fún màálù.

Ẹ sì tọ́jú èèsún nígbà òjò. Ẹ gé e, ẹ jẹ́ kí ó rọ, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ dà á sínú dúrọ́ọ̀mù tàbí ọ̀rá líle, ẹ wọ́n èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ sí i, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí afẹ́fẹ́ kò fi ní sí nínú rẹ̀, kí ẹ sì dé e pa. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó ti ṣe é jẹ, ó sì lè wà títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi tán bí a kò bá ṣí i.

Iṣẹ́ ẹgbẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí

Olùsìn kan tí ó ní màálù méjì kò lè ra tọ́ọ̀nù PKC kan, òṣùwọ̀n rẹ̀ kò sì lè dára tó. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn mẹ́wàá bá pa owó pọ̀, wọ́n lè rà á lẹ́nu ibi tí wọ́n ti ń fún àdín, kí wọ́n pò ó lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì pín in ní kílò fún kílò. Kì í ṣe àṣà àjèjì ní agbègbè wa. Ní 1907, àwọn àgbẹ̀ Agége, tí J. K. Coker jẹ́ aṣíwájú wọn, dá ẹgbẹ́ Agege Planters' Union sílẹ̀ kí àwọn olóko kòkó àti obì lè fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

A rọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ó ní olùsìn màálù láti ṣe nǹkan mẹ́ta: kí wọ́n ra òṣùwọ̀n kan tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ yóò máa lò, kí wọ́n yan ẹnì kan tí yóò máa kọ iye ọjà oúnjẹ sílẹ̀ lóṣooṣù, kí olùsìn kọ̀ọ̀kan sì ní ìwé kan tí ó ń kọ kílò oúnjẹ àti lítà wàrà sí lójoojúmọ́. Ìwé náà ni kí ẹ mú wá sí ìpàdé nígbà tí ẹ bá fẹ́ yá owó màálù kejì. Ẹgbẹ́ tí ó bá rí i pé màálù àkọ́kọ́ ń san owó oúnjẹ ara rẹ̀ kò ní fọ̀rọ̀ falẹ̀.